Ọmọ Skọ́tíláǹdì Tó Gba Sátidé Wa Sílẹ̀

Ọkùnrin tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹ̀gbọ́n ẹni ti kú kí wọ́n tó bí mi. Sandy ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Skọ́tíláǹdì ni, bọ́ọ̀lù ló fi ṣiṣẹ́ jẹun láàárín ogun àgbáyé kìíní àti ìkejì, mi ò sì rò pé ó fojú kan ọmọ Yorùbá kan rí títí ó fi dágbére fáyé. Síbẹ̀, ní Springdale níbí l'Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn òbí wa ṣì ń fi owó ẹyọ họ ẹ̀yìn káàdì fóònù kí wọ́n tó lè pe ilé, òun ló gba gbogbo Sátidé wa lọ́wọ́ àwọn bàbá wa.

Òórùn àkàrà ló mú ìròyìn rẹ̀ wọlé tọ̀ wá wá. Láràárọ̀ Sátidé, Mọ́mì á ṣí gbogbo fèrèsé, ìbáà jẹ́ ìgbà òtútù, á gbé epo kaná. Ohun tó ń bá a jà ni ẹ̀rọ kékeré tó wà lókè àjà, èyí tó máa ń pariwo bó bá ti gbóòórùn èéfín. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n dúró lórí àga lábẹ́ rẹ̀, kí n máa fi táwẹ́ẹ̀lì fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ọba. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sùn lọ lórí ìdúró. Ẹ̀rọ náà ké títí tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́, nígbà tí a sì ṣílẹ̀kùn, ìyá òyìnbó kan ló dúró níta, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, korobá omi lọ́wọ́, ó fẹ́ wá bá wa paná.

Mọ́mì bẹ̀ ẹ́, ó bu àkàrà gbígbóná fún un sínú àwo. Ìyá náà jẹ ọ̀kan níbi tó dúró sí, ó sì ń jẹ ìkejì lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ó dá àwo padà, kò sì dá a padà lófìfo: bisikíìtì tó fi bọ́tà ṣe fúnra rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Mọ́mì wo àwo, ó wo Dádì. "Wọ́n kọ́ eléyìí nílé," ló wí. Láti ọjọ́ náà lọ, ìyá náà di Màmá Jean, torí kò sẹ́ni tó máa pe onírun funfun lórúkọ lásán nínú ilé wa. Òyìnbó ẹnu rẹ̀ le. Dádì, tó ń gbọ́ gbogbo ìròyìn orí rédíò láìpàdánù ọ̀rọ̀ kan, a máa rẹ́rìn-ín sí i, a sì máa yíjú sí mi pé kí ni Màmá wí.

Èyí tó kàn ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa. Líìgì àwọn ọmọdé wà ní káúńtì, ọkùnrin àti obìnrin ń gbá a pọ̀. Àwọn bàbá ṣọ́ọ̀ṣì wa àti Alhaji, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ní Landover, kó àwọn ọmọ wọn jọ láti Springdale àti Lake Arbor, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Dádì mi ni kóòṣì. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, kò gbá bọ́ọ̀lù rí ju ti iwájú ilé wọn n'Íbàdàn lọ, ṣùgbọ́n ó ní fèrè, ó sì ní òfin.

Òfin kìíní ni pé Yorùbá ni a ó máa sọ lórí pápá, kí èdè má baà sọnù. Òfin kejì ni pé ẹni kékeré kò gbọdọ̀ pe ẹni tó jù ú lọ lórúkọ láìfi Bùrọ̀dá tàbí Àǹtí ṣáájú, bọ́ọ̀lù ì báà máa lọ, bọ́ọ̀lù ì báà máa bọ̀. "Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun," ni Dádì máa ń wí, á sì wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé àbàwọ́n ọbẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà bíi tiwa, ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, èmi ni mo kéré jù nínú ẹgbẹ́. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, ẹni tó dàgbà jù, tó sì gùn bí òpó iná. Àyè ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Ọmọ àwọn ẹlòmíì á kígbe orúkọ lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀lù á dé. Èmi á ní, "Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbá a síbí." Kí n tó dé orí "ẹ jọ̀ọ́," wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù lọ, wọ́n ti gbá a wọlé wa, wọ́n ti ń bọ̀ wá tún gbé e sáàárín. Bí Káyọ̀dé bá fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí Ṣadé, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, Ṣadé á kọ́kọ́ tẹ eékún rẹ̀ díẹ̀ kó tó gbà á. Rẹfirí kan dá eré dúró nítorí rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá wo eékún ọmọ náà.

Èyí tó burú jù ni ti ẹnu góòlù. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà: ẹran tó bá kù nínú àwo, ẹ̀gbọ́n ló ni ín, góòlù ńkọ́? Bí bọ́ọ̀lù bá dé iwájú òpó, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á dúró, á wẹ̀yìn, á sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún Káyọ̀dé. Kò pẹ́ tí gbogbo líìgì fi mọ̀ wá. Wọn kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́. Káyọ̀dé nìkan ni wọ́n ń ṣọ́, bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń ṣọ́ báǹkì, a sì ń fìdí rẹmi láti Sátidé dé Sátidé. Tíṣà mi nílé ìwé náà ti pe Mọ́mì, ó ní mo mọ ìdáhùn ṣùgbọ́n mi ò ní nawọ́ títí ọmọ tó jù mí lọ á fi sọ̀rọ̀. Mọ́mì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé oríyìn ni.

Dádì Ṣadé ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Akáúńtáǹtì ni, ó ń wọ táì lọ́jọ́ Sátidé. Ní ìpàdé àwọn bàbá, ó ní òun ti gba àyè nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì ti rí tíṣà ìṣirò. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí kò bá borí nínú eré kan ṣoṣo tó kù, lẹ́sìnnì ló kàn, láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́. "Bọ́ọ̀lù tí wọn ò lè gbá," ló wí, "kí wọ́n lọ fi ẹ̀kọ́ rọ́pò rẹ̀." Àwọn bàbá yòókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dádì mi náà mi orí, kò wo apá ọ̀dọ̀ wa.

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé níbí nígbà náà, ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà. Ọjọ́ márùn-ún jẹ́ ti ilé ìwé. Ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti Ọlọ́run, láti òwúrọ̀ títí tí ìrẹsì inú kúlà fi tutù. Sátidé nìkan ló jẹ́ tiwa, tòun ti àkàrà rẹ̀, koríko tútù rẹ̀ àti omi ọsàn tí a ń mu ní ẹ̀yìn mọ́tò Alhaji. Sùlè, ọmọ Alhaji, tó jẹ́ aṣọ́lé wa, sunkún gidi. Mo pè é lórí fóònù kí n tó kọ èyí. Dókítà eyín ni báyìí. Ó ní irọ́ ni, ojú ló ń ta òun.

Ọ̀dọ̀ Màmá Jean la sá lọ. Ó máa ń wá wò wá lórí pápá pẹ̀lú àga aláṣọ àti fúláàsì tíì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó jókòó sẹ́yìn ilé rẹ̀, àwa jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ó bi wá ní ìbéèrè tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ líìgì: kí ló dé tí gbogbo wa ń fún ọmọ gígùn yẹn ní bọ́ọ̀lù ṣáá? Ṣadé dá a lóhùn bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀, pé òun ló dàgbà jù.

Màmá Jean rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ìgbà tó nu ojú tán ló sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún wa.

Abúlé tí wọ́n ti ń wa èédú ni wọ́n bí Sandy sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wọ inú kòtò lọ, inú òkùnkùn ló ti ń ṣiṣẹ́, orí ilẹ̀ tí wọ́n da eérú èédú sí ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Bó bá ṣubú, eérú á wọ inú ọgbẹ́, ọgbẹ́ á jinná lé e lórí. Títí tó fi kú, àmì búlúù wà lórí eékún rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi yíǹkì kọ nǹkan síbẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá kan rí i, wọ́n mú un. Bọ́ọ̀lù ìgbà náà, awọ tí wọ́n fi okùn dì ni. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ó di òkúta. Bí okùn náà bá bá ọ níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Bàtà tuntun, inú omi gbígbóná ni wọ́n ń jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kó tó lè rọ̀. Sùlè bi í bóyá wọ́n bọ́ ṣòkòtò. Màmá ní òun ò bèèrè.

Sandy ló kéré jù nínú ẹgbẹ́ náà. Nílẹ̀ wọn, ẹni tó bá kéré jù ló ń nu bàtà àwọn àgbà, òun ló ń gbé agbọ̀n aṣọ, òun ló ń pọn omi. Ibi tó sọ èyí dé, àwa náà wo ara wa. A ò mọ̀ pé òyìnbó ní bẹ́ẹ̀. Kápúteènì wọn jẹ́ ọkùnrin onírunmú kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá dé iwájú òpó, òun ló ń béèrè rẹ̀. Sandy á gbé e fún un. Kápúteènì ti ń gbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo, ẹgbẹ́ náà sì ń fìdí rẹmi títí tó fi kù díẹ̀ kí wọ́n já wálẹ̀ sí ìpele kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nínú òjò, bọ́ọ̀lù bá Sandy lẹ́bàá òpó. Kápúteènì pariwo pé kó gbé e wá. Gbogbo èèyàn yíjú sí kápúteènì, àwọn alátakò sì sáré lọ dí i mọ́lẹ̀. Sandy wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó gbá a wọlé.

"Ìgbà tí wọ́n wọ yàrá padà," ni Màmá Jean wí, "bàbá mi kò bọ́ aṣọ. Ó kúnlẹ̀ tààrà, ó ń tú okùn bàtà kápúteènì kó lè nù ún bó ṣe máa ń nù ún. Kápúteènì ní, 'Láti aago mẹ́ta títí di aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, o kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Fi ọ̀rá sí bàtà òsì dáadáa.'"

Wọn ò já wálẹ̀. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ Sandy ti gbòòrò. Ilé iṣẹ́ aṣọ híhun kan ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí i pé kó wá gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó bì láti etíkun kan dé èkejì. Ó gbá bọ́ọ̀lù lórí yìnyín níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn èèyàn tí kò gbọ́ èdè ara wọn, tí wọ́n ń fi ìka júwe. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn, ẹgbẹ́ náà sì túká. Ó padà sílé, ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kékeré kan títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Ogun kejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá líìgì dúró, ó lọ ń kan ọkọ̀ ojú omi. Jean ọmọ rẹ̀ dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ó sì dé ibi tí òórùn àkàrà ti pàdé rẹ̀. Nígbà tó parí ìtàn náà, Màmá fi ife tíì tọ́ka sí mi. Ó ní èmi, tí mo kéré jù bíi Sandy, ni òun ń sọ ọ́ fún.

Mo sáré lọ sọ fún Dádì. Kò fẹ́ gbọ́. Ó ní ṣé ilé onílé la ti fẹ́ lọ kọ́ ọmọ wa níwà. Mọ́mì, tó ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọgbọ́n àgbà nìkan gbá bọ́ọ̀lù, ìlú wo lẹ ti dá?"

Dádì wọ bàtà, ó gba ilé kejì lọ, èmi tẹ̀ lé e torí òyìnbó Màmá Jean. Mo rò pé ó máa bá a jà. Ó jókòó, ó gba tíì, ó ní kí Màmá tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀: lẹ́yìn tí ọmọ náà gbá góòlù lójú àgbà, kí ló ṣe? Màmá ní ó kúnlẹ̀, ó nu bàtà. Dádì ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Dádì mu tíì rẹ̀ tán, ó dìde. "Wọ́n kọ́ ọmọ yẹn nílé," ló wí.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ sí pálọ̀ wa, ó ka òfin tuntun bí gómìnà. "Láti ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè títí tó fi máa fọn ọ́n kẹ́yìn, kò sí Bùrọ̀dá, kò sí Àǹtí. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni àgbà. Bí fèrè ìkẹyìn bá dún, kí oníkálukú padà sáyè rẹ̀. Mi ò fẹ́ ìwàkiwà nínú mọ́tò."

Káyọ̀dé nawọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun dáhùn bí wọ́n bá pe òun lórúkọ lásán.

"Dáhùn," ni Dádì wí. "Wákàtí kan péré ni. O ò ní kú."

Ẹgbẹ́ kan láti Oxon Hill la bá pàdé. Góòlù méje ni wọ́n fi nà wá nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé, wọ́n sì ti mọ ẹni tí wọ́n máa ṣọ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Dádì ní kí a kí ara wa dáadáa nítorí ohun tó ń bọ̀. A tò síwájú Káyọ̀dé, a kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ lórí koríko tútù. Àwọn ọmọ Oxon Hill dúró, wọ́n ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú.

Fèrè dún. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ láyà. Ṣadé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Káyọ̀dé!" ló pariwo, "wá síbí!" Mo gbọ́ tí gbogbo wa mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Sùlè, lẹ́nu òpó, yíjú wo àwọn bàbá bóyá sánmọ̀ máa já, bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Òdo sí ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Ẹ̀rín ti mú wa. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ, "Káyọ̀dé," lásán báyìí, láìsí nǹkan níwájú, láìsí nǹkan lẹ́yìn, ó sì dùn lẹ́nu mi bí ṣúgà tí mo jí. Mo tún pè é. Kò sí bọ́ọ̀lù nítòsí rárá. Ó ní kí ni mo fẹ́. Mo ní mi ò fẹ́ nǹkan kan. Gbogbo wa ń pe ara wa lórúkọ káàkiri pápá bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ, a sì ń sáré bí a kò ṣe sáré rí, torí ẹnu wa ti fúyẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù kan jáde láti inú ìdàrúdàpọ̀, ó ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kò jìnnà sí òpó. Mo gbọ́ ohùn Káyọ̀dé lẹ́yìn mi. Àwọn ọmọ Oxon Hill náà gbọ́ ọ. Gbogbo wọn gbéra, wọ́n lọ bò ó bí eṣinṣin tó rí oyin. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ẹsẹ̀ mi ti ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo dá a dúró. Mo gbá bọ́ọ̀lù náà.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́nu wò. Káyọ̀dé, tó jẹ́ apòògùn ní Oxon Hill gan-an báyìí, ní òun ló ní kí n gbá a. "Mo pariwo pé kí o gbá a, ìwọ ni o kò gbọ́." Ṣadé, tí òtítọ́ kì í ṣòro fún, ní, "O ò gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ló gbá ọ." Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ó bà mí ní egungun ojúgun, ó lọ kan òpó, ó rò ó wò, ó sì wọlé. Góòlù wa àkọ́kọ́ nínú líìgì náà ni. Màmá Jean fò dìde lórí àga rẹ̀, gbogbo tíì inú ife rẹ̀ dà sára agbádá Alhaji, Alhaji sì gbá a mọ́ra bẹ́ẹ̀ tòun ti tíì.

Èmi ńkọ́? Mo sáré tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ láàárín pápá. "Ẹ má bínú sà," ni mo wí. Fèrè ìkẹyìn kò tíì dún, òfin ò tíì padà, mo ti sáré ṣáájú òfin. Káyọ̀dé ṣubú lulẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Rẹfirí sáré dé pẹ̀lú omi, ó rò pé èèyàn méjì ló fara pa.

Ọ̀mì ni a ta. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìyọnu wà, torí borí ni wọ́n ní kí a borí.

Àwọn bàbá ṣèpàdé lẹ́yìn mọ́tò Alhaji. Wọ́n ní kí a jìnnà, a jìnnà dé ibi tí a ti lè gbọ́. Dádì Ṣadé ní ọ̀rọ̀ ò le: "A ní kí wọ́n borí. Ṣé wọ́n borí?" Alhaji, tí aṣọ rẹ̀ ṣì ń kán tíì, ní ẹgbẹ́ tó gbá méje wọlé wa ló rí ẹyọ kan lónìí. "Ẹ̀yin oníṣirò, ẹ bá wa ṣe é." Wọ́n pe Màmá Jean gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní lábúlé bàbá òun, ẹni tó bá ta irú ọ̀mì yẹn á dé fìlà gẹ̀gẹ̀ lọ sílé. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé lẹ́sìnnì lọ sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Alhaji ní ìgbà yẹn làwọn ọmọ òun ń kéwú, Kùránì ò sì ní dúró de ìṣirò.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rántí pé mo di ọwọ́ Ṣadé mú. Dádì mi ló wá jáde, ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó kéde pé lẹ́sìnnì wà, Ọjọ́rú ni, lẹ́yìn ilé ìwé, kí ẹnikẹ́ni má pẹ́. Sátidé, ti bọ́ọ̀lù ni. Dádì Ṣadé ní kí wọ́n mọ̀ pé òun ò fara mọ́ ọn. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ ló ń dún jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, táì rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ń so ó mọ́ iwájú orí bí gèlè.

Màmá Jean kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ibẹ̀ ló sì ti dágbére fáyé, ó ti darúgbó gan-an. Dádì mi ṣì wà, ó ti fẹ̀yìn tì. Mo bi í ní ọjọ́ kan kí ló rí lọ́jọ́ góòlù yẹn. Kò ronú lé e. "Mo rí i pé o kúnlẹ̀," ló wí.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe láti ìgbà pípẹ́. Mo ti bi àwọn olóṣèlú ní ìbéèrè tí òógùn bò wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìpàdé, bí ẹni tó jù mí lọ bá la ẹnu, mo ṣì máa ń pa ẹnu mi dé, kódà bó bá jẹ́ èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn láyà jù mí lọ. Bí mo bá rí i lónìí, èmi ni mo máa kí i.

Mo rí ẹni tó jọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ mi Tèmítọ́pẹ́ dúró nínú kíṣíìnì pẹ̀lú àpò mẹ́ta léjìká. Èmi, tí mo jà fún Sátidé, ni mo fi kíláàsì kọ̀ǹpútà sáàárọ̀ rẹ̀, mo fi fayolíìnì sọ́sàn-án rẹ̀, mo fi ìlúwẹ̀ẹ́ sírọ̀lẹ́ rẹ̀, mo sì ń fi mọ́tò gbé e kiri láàárín wọn bí ẹrù. Ó fi Yorùbá sọ ọ́, kí n má baà rí nǹkan mú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, Sátidé wo ni tèmi?"

Àwọn aláṣẹ, ìyẹn èmi àti bàbá rẹ̀, wọ yàrá, a ti ìlẹ̀kùn, a sì jáde pẹ̀lú ìpinnu. Kíláàsì kọ̀ǹpútà dópin lópin oṣù yìí. Fayolíìnì náà dópin. Ìlúwẹ̀ẹ́ kò kúrò níbi tó wà, nítorí omi kì í mọ ọmọ ẹni tó kàwé. Ọmọ náà gbọ́, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ gan-an, ó sì gbé fóònù, ó pe bàbá àgbà rẹ̀ lójú wa láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ti ìlúwẹ̀ẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ní láti kọjú sí ògiri. Lórí fóònù, Dádì mi ní òun ti gba ẹjọ́ náà wọlé, òun á gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ, kí ìhà méjèèjì tètè dé.